Ọjọ́ 60 ni wọ́n lù fún wa ní Táílándì: báwo la ṣe máa sọ ọ́ di ọdún kan fún èmi àti ìyàwó mi?

Baba_Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo ti pé ọdún 63, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyàwó mi jẹ́ ẹni ọdún 47. Páásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba làwa méjèèjì fi wọ Bangkok ní ọjọ́ 12 sẹ́yìn. A ò gba físà kankan, òǹtẹ̀ ọjọ́ 60 ni wọ́n lù fún wa ní pápákọ̀ òfurufú. Chiang Mai la fẹ́ máa gbé.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá a lè yí i sí ti ìfẹ̀yìntì níbí, àbí àfi ká padà sí Lọ́ńdọ̀nù. £1,300 ló ń wọlé fún mi lóṣooṣù látọ̀dọ̀ ibi iṣẹ́ mi àtijọ́, ti ìjọba kò tíì tó gbà. Mo lè kó 800,000 báàtì jọ látinú owó tí mo fi pamọ́. Ìyàwó mi kò tó 50, àmọ́ ìwé ìgbéyàwó wa láti Ìkòyí wà lọ́wọ́. A sì ti pinnu láti lọ ṣe Kérésì ní Ìbàdàn. Ejẹ́ǹtì kan ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé òun á ṣe gbogbo ẹ̀ láìjẹ́ pé mo fi kọ́bọ̀ sí báńkì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe, kí sì ni mi ò gbọdọ̀ dán wò?

Akọ̀wé_Jomtien

Ẹ káàbọ̀, bàbá wa. Ẹ kò ní láti padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ 48 tó kù fún yín tó o ṣe, tí ẹ kò bá fi falẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Físà ni ohun tó ń múni wọ ìlú. Àyè láti dúró nínú ìlú, òǹtẹ̀ ló ń fúnni. Ẹ ṣí páásípọ́ọ̀tù yín síbi tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ẹ máa rí déètì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ADMITTED, ẹ sì máa rí òmíràn nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ UNTIL. Ti ìsàlẹ̀ yẹn ni ọ̀gá. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ṣe ní Ìmígíréṣọ̀n, àtọ̀dọ̀ déètì yẹn ni kí ẹ ti máa kà á padà sẹ́yìn.

Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ máa sọ ọjọ́ 60 yẹn di Non-Immigrant O, irú físà kan tí kì í ṣe ti ìbẹ̀wò, tí gbogbo wa ń pè ní Non-O. Ọjọ́ 90 ni wọ́n máa ń fún èèyàn lórí rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ 90 yẹn bá ń lọ sópin, ẹ máa padà lọ tọrọ àfikún ọdún kan lórí ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó bá ti pé 50 ló lè béèrè fún un. Láti ìgbà náà lọ, ọdọọdún lẹ ó máa tún un ṣe, ẹ kò sì ní nílò físà mìíràn mọ́, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá jẹ́ kó já.

Fún ti àkọ́kọ́, fọ́ọ̀mù TM87 ni tiyín, torí ẹ kò gba físà wọlé. TM86 wà fún ẹni tó gba físà ìbẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, tí wọ́n á sì dá a padà láti tún tò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Owó rẹ̀ jẹ́ 2,000 báàtì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó ìwé lọ, ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ 15 kí òǹtẹ̀ yín tó parí. Àwọn ọ́fíìsì kan fẹ́ 21. Ìdí ni pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń yẹ ìwé náà wò kí wọ́n tó ní kí ẹ padà wá, wọn kò sì fẹ́ kí déètì yín kọjá sí wọn lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní jẹ́ kó kọjá ọjọ́ 35 tí mo wọlé. Bí ìwé kan bá kù, àyè á ṣì wà láti lọ wá a.

Ohun tí ẹ máa mú dání: páásípọ́ọ̀tù, fótókọ́pì ojú ìwé tí fọ́tò yín wà àti ti òǹtẹ̀, fọ́tò 4 × 6 sẹ̀ǹtímítà, ìwé àdéhùn ilé, rìsíìtì TM30 (ìwé tó fi hàn pé onílé ti sọ fún Ìmígíréṣọ̀n pé ẹ ń gbé ilé òun), máàpù ilé yín, ìwé báńkì, lẹ́tà báńkì, àti ẹ̀rí pé òkè òkun ni owó náà ti wá. Ẹ fọwọ́ sí fótókọ́pì kọ̀ọ̀kan.

Ó wá ku owó. Ọ̀nà mẹ́ta ni òfin là sílẹ̀: 800,000 báàtì ní báńkì Táílándì, tàbí 65,000 lóṣooṣù, tàbí kí ẹ pa méjèèjì pọ̀ kó tó 800,000 lọ́dún. Fún ọmọ Ìlú Ọba, ọ̀nà kan ṣoṣo ló já gaara nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ́ḿbásì Ìlú Ọba ní Bangkok ti dáwọ́ lẹ́tà tó ń jẹ́rìí sí owó oṣù dúró láti ìparí 2018, ti Amẹ́ríkà náà sì tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ lo 65,000 gbọ́dọ̀ fi hàn nínú àkọsílẹ̀ báńkì pé iye yẹn ń wọlé láti òkè òkun lóṣooṣù fún oṣù 12 gbáko. £1,300 kò tó o. Pípa méjèèjì pọ̀ náà kò rọrùn, torí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ṣì ń béèrè lẹ́tà ẹ́ḿbásì fún apá ti owó oṣù. Ẹ fi 800,000 síbẹ̀, kí ọkàn yín balẹ̀.

Ẹ má fi 800,000 géérégé ránṣẹ́ o. Báńkì á yọ owó iṣẹ́ tiwọn, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ pọ́n-ùn á sì ti yí padà kó tó dé. 799,600 kì í ṣe 800,000 lójú ẹni tó jókòó sí káńtà. Ẹ fi 820,000 ránṣẹ́, látinú àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ yín ní Ìlú Ọba sínú àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ yín nìkan níbí.

Ní ti Non-O, ó tó kí owó náà ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ lọ. Àmọ́ ní ti àfikún ọdún kan, ó gbọ́dọ̀ ti sùn síbẹ̀ fún oṣù méjì gbáko ṣáájú ọjọ́ tí ẹ kó ìwé lọ. Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, oṣù méjì náà á ti pé dáadáa kí ìgbà tó tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún ejẹ́ǹtì yẹn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á yá yín ní 800,000 fún wákàtí díẹ̀, wọ́n á gba lẹ́tà báńkì, wọ́n á sì kó owó wọn jáde lọ́jọ́ kan náà. Òǹtẹ̀ á wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ yín ló wà lórí ìwé náà, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i pé owó yín ni. Lọ́dún tó ń bọ̀, tí ọ́fíìsì bá ní kí ẹ mú àkọsílẹ̀ oṣù 12 wá, ibo lẹ ti fẹ́ rí i? Ejẹ́ǹtì tó kàn ń bá yín tò, tó ń bá yín kọ fọ́ọ̀mù, kò sí aburú nínú tiẹ̀.

Ìyá_Bíọ́lá_HuaHin

Ẹ kú ìrìn àjò, sà. Akọ̀wé ti sọ ti owó, kí n fi ti ìyá kún un.

Ìyàwó yín kò nílò láti pé 50, kò sì nílò 800,000 tirẹ̀. Lábẹ́ yín ló máa wà, gẹ́gẹ́ bí aya ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. 2,000 fún Non-O tirẹ̀, 1,900 fún àfikún ọdún kan, bíi tiyín gan-an. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ jọ lọ, kí déètì yín lè máa bára mu, torí tirẹ̀ kò lè kọjá tiyín.

Ìwé ìgbéyàwó ni ìṣòro ibẹ̀. Wọn kò ní gba ìwé Ìkòyí bó ṣe wà lọ́wọ́ yín. Ìjọba Táílándì ò mọ ẹni tó buwọ́ lù ú, nítorí náà àfi kí ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ jẹ́rìí sí i. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ilé, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Abuja á kọ́kọ́ fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí ìwé náà, lẹ́yìn náà ẹ́ḿbásì Táílándì ní Abuja á jẹ́rìí sí òǹtẹ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ níbí, ẹ́ḿbásì Nàìjíríà ní Bangkok ni kí ẹ mú un lọ. Lọ́nà méjèèjì, ẹ máa gbé e fún ògbufọ̀ kó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Thai, kí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Táílándì sì lu òǹtẹ̀ ìkẹyìn. Ẹ má wulẹ̀ gbé e lọ sí ẹ́ḿbásì Ìlú Ọba. Páásípọ́ọ̀tù wọn lẹ ń lò lóòótọ́, àmọ́ wọn kò lè jẹ́rìí sí ìwé tí Nàìjíríà ṣe.

Ìwé ìdána tàbí fọ́tò ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kò wúlò níbẹ̀ rárá. Ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí ni wọ́n ń wò.

Kí ẹ tó gbé e fún ògbufọ̀, ẹ gbé ìwé ìgbéyàwó àti páásípọ́ọ̀tù yín síra, kí ẹ ka orúkọ lẹ́tà lẹ́tà. Orúkọ àwa Yorùbá gùn, akọ̀wé ìjọba sì lè gé e kúrú: Ọlúwafúnmiláyọ̀ nínú ọ̀kan, Fúnmiláyọ̀ nínú èkejì, orúkọ bàbá níwájú nínú ọ̀kan, lẹ́yìn nínú èkejì, àmì tó so orúkọ ìdílé méjì pọ̀ á sọnù. Orí ohun tí ògbufọ̀ bá kọ ní èdè Thai ni òṣìṣẹ́ á gbé ìdájọ́ kà. Ẹ ní kí ògbufọ̀ kọ orúkọ Thai tiyín bákan náà nínú gbogbo ìwé. Bí orúkọ bá yàtọ̀ gan-an, ẹ búra nílé ẹjọ́ ní Nàìjíríà pé ẹnì kan náà ni, kí ìwé ìbúra náà sì bá tọ̀hún rìn ní ọ̀nà ìjẹ́rìí kan náà.

Kí ẹ má bínú pé mo ń sọ èyí: àyè tí ìyàwó yín fi ń gbé ibí rọ̀ mọ́ tiyín. Bí ohunkóhun bá ṣe yín, ohun tó ń mú un dúró síbí ti lọ nìyẹn. Àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ yín nìkan, báńkì á tì í pa títí ilé ẹjọ́ á fi yan ẹni tó máa pín ogún. Nítorí náà, ẹ ṣe ìwé ìhágún lábẹ́ òfin Táílándì lórí owó yẹn nìkan, kí ẹ dárúkọ ìyàwó yín gẹ́gẹ́ bí ẹni tó máa bójú tó o, kó sì jẹ́ pé ìyá fúnra wọn mọ ibi tí ìwé náà wà. Nígbà tí wọ́n bá pé 50, tí agbára bá wà, kí wọ́n ní 800,000 tiwọn lọ́tọ̀. Mo rọ̀ yín gidi lórí èyí, sà.

Baba_Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti ń gbé ìgbésẹ̀. Àmọ́ nǹkan mẹ́ta ti yọjú. Báńkì méjì ní àwọn kò lè ṣí àkáǹtì fún ẹni tí kò ní físà. Onílé tí a fẹ́ gba kóńdó rẹ̀ ní òun ò mọ nǹkan kan nípa TM30. Ìyàwó mi sì máa ń dirun fáwọn èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rẹ́ kan níbí ní kó wá máa ran òun lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, pé kì í ṣe iṣẹ́, ìrànlọ́wọ́ ni. Páásípọ́ọ̀tù mi máa parí ní oṣù 11 sí i, mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn kàn wá.

Akin_Nimman

Ẹ kú ọgbọ́n, bàbá. Chiang Mai yìí náà lèmi wà.

Ẹ kọ́kọ́ dá ìyá dúró lórí ọ̀rọ̀ irun yẹn. Lónìí ni o. Iṣẹ́ irun ṣíṣe wà nínú àwọn iṣẹ́ tí òfin Táílándì fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìlú wọn nìkan; kò sí ìwé àṣẹ tó lè mú àjèjì ṣe é. Òfin kì í sì í béèrè bóyá ẹ gba owó. Bí wọ́n bá bá èèyàn nídìí iṣẹ́ láìní ìwé àṣẹ, ìtanràn jẹ́ 5,000 sí 50,000 báàtì, wọ́n á sì dá onítọ̀hún padà sílùú rẹ̀. Irun ara wọn àti ti ọmọ wọn nínú ilé, kò séwu. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́, rárá.

Ní ti báńkì, ẹ̀ka sí ẹ̀ka ni. Ẹ̀ka kan lè kọ̀, kí ẹ̀ka mìíràn ti báńkì kan náà gbà. Ẹ lọ sí Ìmígíréṣọ̀n kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí ibùgbé, ẹ mú àdéhùn ilé tó gun tó ọdún kan dání, ẹ ní nọ́ńbà fóònù Thai, kí ẹ sì sọ fún wọn ní tààrà pé owó ìfẹ̀yìntì fún Non-O lẹ fẹ́ kó wọlé. Àkáǹtì tó ní ìwé báńkì tí wọ́n ń tẹ̀ ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ti orí fóònù nìkan. Ìwé yẹn gan-an ni wọ́n ń wò ní káńtà.

Tí owó bá ti wọlé, ẹ wo ìlà tó wà nínú ìwé báńkì náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó, àmì kan wà tó ń sọ ibi tó ti wá. Ní Bangkok Bank, FTT ló máa ń wà níbẹ̀ fún owó tó ti òkè òkun wọlé. Bí iléeṣẹ́ tó bá yín fi owó ránṣẹ́ bá lo àkáǹtì tiwọn tó wà nílùú yìí láti san án, ó lè jáde bí owó abẹ́lé, òṣìṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n á sì sọ pé kò sí ẹ̀rí. Ibẹ̀ ni owó tó pé ti ń di owó tí kò wúlò. Ẹ lo ìfowóránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì fún owó ńlá yẹn, kí ẹ sì ní kí báńkì níbí kọ lẹ́tà pé ìlú òkèèrè ló ti wá.

TM30 wá kàn. Òfin 1979 lórí wíwọ ìlú, abala 38, sọ ọ́ di dandan fún onílé láti fi tó Ìmígíréṣọ̀n létí láàárín wákàtí 24 pé àjèjì ti dé sílé òun. Òtẹ́ẹ̀lì máa ń ṣe tiwọn fúnra wọn. Onílé aládàáni ló máa ń gbàgbé. Àmọ́ tí kò bá sí rìsíìtì yẹn, káńtà Non-O ò ní gba ìwé yín, nítorí náà ẹ̀yin ni ìyà rẹ̀ máa jẹ. Kí ẹ tó san owó ìdúró lórí kóńdó náà, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ onílé: fótókọ́pì káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, fótókọ́pì ìwé ilé aláwọ̀ búlúù, àti ìwé kékeré tó ní kí ẹ lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní orúkọ òun, kó fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lè wá gbé e lọ. Bí onílé kan bá kọ̀ láti fún yín ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹ wá ilé mìíràn. Ìtanràn fún ẹni tó bá pẹ́ kò ju 800 sí 2,000 báàtì lọ. Àkókò tí ẹ máa pàdánù ló burú jù.

Akọ̀wé_Jomtien

Akin ti sọ ọ́ tán lórí irun. Kí n dáhùn ti páásípọ́ọ̀tù, torí ó kàn yín gan-an.

Ìmígíréṣọ̀n kì í fún èèyàn ní àyè tó kọjá ọjọ́ tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ bá parí. Nígbà tí ẹ bá fi máa tọrọ ọdún kan, oṣù méje tàbí mẹ́jọ ló máa kù lórí tiyín. Oṣù méje náà ni wọ́n máa fún yín, 1,900 kan náà ni ẹ ó sì san. Nítorí náà, ẹ gba Non-O pẹ̀lú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ tuntun ní gbàrà tí òǹtẹ̀ ọjọ́ 90 bá ti wọlé. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ má dúró. Tí tuntun bá dé, ẹ mú àtijọ́ àti tuntun lọ sí Ìmígíréṣọ̀n kí wọ́n gbé àwọn òǹtẹ̀ sínú tuntun. Ẹ tún lọ sí báńkì kí wọ́n yí nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù padà lórí àkáǹtì, torí nọ́ńbà yẹn máa wà nínú lẹ́tà báńkì. Bí kò bá bá èyí tó wà lọ́wọ́ yín mu, wọ́n á dá yín padà. Ẹ má sọ àtijọ́ nù.

Lọ́jọ́ àfikún gan-an: fọ́ọ̀mù TM7, 1,900 báàtì, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó kẹ́yìn lórí òǹtẹ̀ yín. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ kọ́kọ́ yà sí báńkì. Ẹ fi 100 báàtì sínú àkáǹtì, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé báńkì kí déètì òní lè hàn níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà tó ní déètì òní. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ṣe fótókọ́pì ìwé báńkì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe fótókọ́pì kó tó fi 100 náà sí i, ìlà ìkẹyìn ò ní sí nínú tiẹ̀.

Lẹ́yìn tí òǹtẹ̀ bá ti wọlé ni àwọn kan máa ń kó owó wọn jáde, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń kó sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Láti 1 oṣù Kẹta 2019 ni òfin ti yí padà. Ká ní 10 oṣù Kẹfà ni wọ́n fún yín ní ọdún kan. 800,000 kò gbọdọ̀ yingin títí di 10 oṣù Kẹsàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè ná nínú ẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 400,000 lọ, àní fún ọjọ́ kan péré. Tí ẹ bá fẹ́ lọ tún un ṣe ní 15 oṣù Karùn-ún, 800,000 gbọ́dọ̀ ti pé padà, ó pẹ́ tán, ní 15 oṣù Kẹta. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, oṣù mẹ́fà péré lẹ lè fi lo 400,000 yẹn.

Ìyá_Bíọ́lá_HuaHin

Lójú tèmi, kí ẹ má tilẹ̀ fọwọ́ kan án rárá. Ẹ fi sínú àkáǹtì kan lọ́tọ̀, kí ẹ máa náwó oúnjẹ àti owó ilé látinú òmíràn. Àṣìṣe káàdì kan ní ọjà lè mú un lọ sí 799,000 láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ẹ fi èyí náà sọ́kàn: owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Ìlú Ọba kì í lọ sókè lọ́dọọdún fún ẹni tó ń gbé Táílándì, bó ṣe rí fún ẹni tó ń gbé Nàìjíríà náà nìyẹn. Iye tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lẹ ó máa gbà lọ. Ẹ má fi ọkàn sí i pé ó máa ga tó 65,000 lọ́jọ́ iwájú.

Owó orí ńkọ́? Ẹni tó bá lo ọjọ́ 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbí láàárín ọdún kan ti di ẹni tí òfin owó orí mọ̀. Láti 1 oṣù Kìíní 2024, owó tó wọlé fún un lókè òkun, tó sì gbé wá síbí, lè kàn án. Owó tí ẹ ti fi pamọ́ ṣáájú 2024 kò sí nínú ẹ̀. Nítorí náà, ẹ gba àkọsílẹ̀ báńkì yín ti Ìlú Ọba tó fi iye tó wà níbẹ̀ hàn ní 31 oṣù Kejìlá 2023, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Òun ni ẹ̀rí yín lórí 820,000 yẹn.

Baba_Ẹlẹ́yẹlé

Ọpẹ́ o. Ó wá ku ti Kérésì. Àti ọ̀rọ̀ ìfarahàn ọjọ́ 90 tí mo ń gbọ́, ṣé òun náà ló ń fi kún àyè wa ni?

Akin_Nimman

Rárá o, bàbá. Ìfarahàn ọjọ́ 90 kì í fi ọjọ́ kankan kún nǹkan kan. Àdírẹ́sì lẹ kàn ń sọ fún wọn, fọ́ọ̀mù TM47, kò sí owó níbẹ̀. Wọ́n á sín bébà kékeré kan mọ́ páásípọ́ọ̀tù yín pẹ̀lú déètì tó kàn. Ẹ lè lọ láti ọjọ́ 15 ṣáájú déètì yẹn títí di ọjọ́ 7 lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, 2,000 báàtì ni ìtanràn. Àwọn kan wà tó ń ṣe ìfarahàn yìí déédéé, tí wọ́n wá rò pé bébà yẹn ni àyè wọn, tí déètì òǹtẹ̀ gan-an sì ti kọjá. Ìyẹn, 500 báàtì lójúmọ́ ni, títí dé 20,000. Bó bá wá lé ní ọjọ́ 90 kí wọ́n tó jáde fúnra wọn, wọn kò ní lè wọlé fún ọdún kan. Bó bá sì jẹ́ pé ọlọ́pàá ló mú wọn kí wọ́n tó jáde, ọdún márùn-ún ni, kódà tí kò bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ní ti Kérésì: tí ẹ bá jáde ní Táílándì láìgba ìwé àṣẹ ìpadàwọlé, gbogbo ohun tí a ti ń sọ láti òkè ti parí nìyẹn. Òǹtẹ̀ á kú lọ́jọ́ tí ẹ bá jáde. Fọ́ọ̀mù TM8 ni. 1,000 báàtì fún ẹ̀ẹ̀kan, 3,800 fún iye ìgbà tó bá wù yín. Tí ẹ kò bá ní jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́dún, ti 1,000 náà ló sàn jù. Ẹ̀yin àti ìyá, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ gbà á ní Chiang Mai kí ẹ tó lọ. Káńtà kan wà ní Suvarnabhumi, pápákọ̀ òfurufú Bangkok, fún ẹni tó bá gbàgbé, àmọ́ kì í ṣe ibi tó yẹ kéèyàn máa sáré lọ nígbà tí ọkọ̀ òfurufú bá ń dúró.

Ìwé náà kì í fi ọjọ́ kún ohun tí ẹ ní. Ọjọ́ tí òǹtẹ̀ yín bá parí lòun náà máa parí, ẹ kò sì lè tọrọ àfikún láti Ìbàdàn. Bí Kérésì bá ká yín mọ́ ọgbọ̀n ọjọ́ tó kẹ́yìn lórí òǹtẹ̀, ẹ ṣe àfikún kí ẹ tó lọ.

Páásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba lẹ máa fi jáde, òun náà lẹ ó fi padà wọlé, kódà bó jẹ́ ti Nàìjíríà lẹ fi wọ Èkó. Nítorí pé Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀, wọ́n máa béèrè yẹ́lò káàdì. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìn àjò. Tí ẹ bá ti ní káàdì láti ìgbà pípẹ́, ó ṣì dára, títí ayé ni. Kí orúkọ orí rẹ̀ sáà bá ti páásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba mu. Ní Suvarnabhumi, káńtà ìlera lẹ ó kọ́kọ́ yà sí kí ẹ tó tò sí ti Ìmígíréṣọ̀n. Ẹni tó bá tò tààrà, wọ́n á dá a padà sẹ́yìn láti lọ gba òǹtẹ̀ ìlera.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí ẹ tó gúnlẹ̀, ẹ kọ TDAC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́ọ̀mù ìwọlé tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2025. Ọ̀fẹ́ ni. Ojú òpó tó bá ní kí ẹ sanwó kì í ṣe ti ìjọba.

Tí òṣìṣẹ́ bá ti lu òǹtẹ̀ tán, ẹ má kúrò níwájú káńtà. Ẹ ṣí i, kí ẹ wo UNTIL. Déètì tó wà lórí àfikún yín ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọn kò rí ìwé ìpadàwọlé yín, tí wọ́n lu ti àlejò tí kò ní físà fún yín, ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi ojú ìwé tó wà hàn wọ́n. Níbẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Tí ẹ bá ti dé Chiang Mai kí ẹ tó rí i, wọ́n lè ní kí ẹ padà lọ sí pápákọ̀ tí ẹ ti wọlé.